Wáyà Dúdú Méjì Inú Ọkọ̀ Ilaitia

Ìsọ̀ Gounder Rìwáyà,
Yalalevu,
Ba, Fíjì.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023.

Faiyaz, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni gbogbo yín ní Brisbane? Òtútù ńkọ́? Wọ́n ní ó mú lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Shabnam ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé àkọ́bí yín ti ń wa bọ́ọ̀sì ìjọba báyìí. Ẹ kú oríire o. Sọ fún un pé mo ní kó rọra máa wà á, kó má fi ìwàkuwà bàbá rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Bá mi kí màmá náà. Bí wọ́n bá ṣì ń bínú pé mi ò pè wọ́n lọ́jọ́ ọdún Iléyá, bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ara ìyàwó mi Saroja le, ó ní kí n kí ọ. Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó máa ń ro mí bí mo bá ti pẹ́ jù lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ti ń gé ìrèké, èéfín oko sì ti bo gbogbo ìlú. Aṣọ funfun tí Saroja bá sá á ti ní tóótòòtó dúdú kó tó gbẹ. Àwọn ọkọ̀ tó ń gbé ìrèké lọ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà ti tò dé iwájú ìsọ̀ mi, àwọn awakọ̀ wọn ló ń mu omi àmù mi tán. Ní ti bọ́ọ̀lù, má wulẹ̀ béèrè.

Ìwọ náà á ti rí i pé mo kàn ń fa ìkíni gùn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú, Faiyaz. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìwé yìí, mo ti ya ojú ewé tí mo kọ́kọ́ kọ dànù nítorí pé mo rí i pé irọ́ ti ń wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ilaitia ni. O rántí ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ará abúlé Korovatu lórí òkè tó ń wà, èyí tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń kó àwọn obìnrin àti ẹrù wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́jà, tó sì ń kó aláìsàn àtàwọn ọmọ iléèwé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti gbó, ó kú lọ́dún yìí, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn ará abúlé dáwó, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tokunbọ̀ kan ní Lautoka, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ Japan. Ilaitia fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi mángòrò iwájú ilé rẹ̀. Ó gé irin, ó jó irin, ó ṣe ìjókòó tuntun fún un, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn iwájú rẹ̀, bẹ́líìtì eléyín tó ń jẹ́ kí ara ẹ́ńjìnnì máa yí lásìkò kan náà. Mo rí iṣẹ́ náà, ó mọ́. Wáyà ló kù. Wọ́n ní kó gbé e fún àwọn rìwáyà Lautoka tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó ní kò sí rìwáyà tí òun máa gbé e fún ju tavale òun lọ. Ìwọ náà mọ̀ pé tavale la ti ń pe ara wa láti iléèwé, bí ẹni tó fẹ́ àbúrò ara wọn, kí a lè máa bú ara wa láìjà.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi síbí kí ìyókù lè yé ọ. O ti lọ sí Brisbane nígbà tí Ilaitia fi ọtí wa ọkọ̀ sínú kòtò. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ò ní fẹnu kan bíà mọ́. Kò sì fẹnu kàn án mọ́. Wọ́n padà fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n tún ń jẹ́ kó wàásù. Èmi mọ bó ṣe ṣe é ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ìsọ̀ mi ló máa ń wá bí ọkàn rẹ̀ bá ti ń fà sí ọtí. Á jókòó lórí táyà, á mu tíì, á ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sáàárín itan títí á fi kọjá, á sì dìde lọ.

Ó wọ́ ọkọ̀ náà wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò ní wàhálà, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ìsinsìnyí yìí, sẹ́ńsọ̀ ló kún ara rẹ̀. Ọ̀kan ń wo bí omi ṣe gbóná tó, ọ̀kan ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ tó ń ka bí kíránkì, ọ̀pá irin tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ṣe ń yí. Gbogbo wọn ń jábọ̀ fún àpótí pẹlẹbẹ kan tí àwa rìwáyà ń pè ní ọpọlọ, òun ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí kọ́ìlì máa ju iná sí púlọ́ọ̀gì. Bí sẹ́ńsọ̀ kíránkì bá jábọ̀ tí kò tọ̀nà, iná á dé nígbà tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì á wá máa bá ara rẹ̀ jà.

Mo tẹ́ gbogbo wáyà náà sílẹ̀ bí àwọ̀n apẹja. Mi ò purọ́, mo gbádùn ara mi. Àwọn awakọ̀ ìrèké àti takisí dúró ń wò mí, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn bíi tíṣà: èyí ń lọ síbí, èyí ń bọ̀ láti ibí. Wáyà méjì tó ti ibi sẹ́ńsọ̀ kíránkì jáde kò gùn dé ibi tí mo gbé ọpọlọ sí. Ó yẹ kí n fi wáyà funfun fa ọ̀kan gùn, kí n fi dúdú fa èkejì, kí n má baà ṣì wọ́n mú. Funfun ti tán lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà, ó kàn rẹ̀ mí láti lọ ni, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tó ń wò mí tú ká. Mo fi dúdú fa méjèèjì. Mo ní màá fi téèpù sàmì sí ọ̀kan. Ẹnì kan wá pè mí sí ọkọ̀ tirẹ̀ níta, ẹ̀rín sọ níbẹ̀, nígbà tí mo padà dé, mo kàn so wọ́n, mo fi rọ́bà bò wọ́n, mo dì wọ́n mọ́ ìyókù. Mi ò fi mítà yẹ̀ wọ́n wò.

Bí Ilaitia ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sitáàtì. Ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ilaitia dì mọ́ mi, ó ní, “Tavale, ká ní ojú rẹ dára bí ọwọ́ rẹ ni, ìyàwó mẹ́ta ni ò bá ti fẹ́.” Saroja dá a lóhùn láti ojú fèrèsé pé kó mú mẹ́ta wá, kí òun lè rí ẹni bá òun fọ aṣọ rìwáyà.

Ó ń lọ dáadáa ní títì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kó ẹrù ọjà padà sókè ni nǹkan dé. Lẹ́yìn afárá, níbi tí òkè ti ga ṣánṣán, ọkọ̀ náà kún fún àwọn obìnrin àti àpò ìyẹ̀fun. Ilaitia tẹná mọ́ ọn kó lè gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìbọn, ó ń ta gìjà-gìjà, ó sì kú. Ó bá ń yí padà sẹ́yìn. Bíréèkì kò mú un mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún, odò ni. Ilaitia yí ìdí ọkọ̀ náà gbá ara òkè lọ́wọ́ òsì, ohun tó kó gbogbo wọn yọ nìyẹn. Losalini, obìnrin tó máa ń ta ẹ̀gẹ́ níwájú ọjà, ja bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì, apá rẹ̀ ṣẹ́.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà wá sí ìsọ̀ mi. Ilaitia bá a wá, pẹ̀lú Apenisa tó jẹ́ olórí abúlé, àti àwọn obìnrin ọjà. Àwọn awakọ̀ takisí náà ti sá wá. Mo gbọ́ bó ṣe ń dún, mo sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé táímìn ni, pé bẹ́líìtì tí Ilaitia fi sí i ti fo eyín kan. Ó rọrùn láti sọ, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ilaitia kò jiyàn. Ó mú sípánà, ó tú iwájú ẹ́ńjìnnì náà níṣojú gbogbo èèyàn, ó yí kíránkì dé ibi àmì, ó sì pè mí kí n wá wò ó.

Ó ní, “Àmì bá àmì mu, tavale. Bẹ́líìtì wà níbi tó yẹ kó wà. Bá mi yẹ wáyà tìrẹ náà wò.”

Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà fún wà níbẹ̀, gbogbo ojú kúrò lára rẹ̀, ó wá sára mi, ara mi sì gbóná.

Mo ní, “Wáyà mi kò mutí rí. Ẹ́ńjìnnì yìí, ọtí ló tò ó.”

Awakọ̀ takisí kan bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Apenisa yíjú sí Ilaitia, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ilaitia kò wo Apenisa rárá. Èmi ló ń wò. Ó ń dúró kí n sọ pé àwàdà ni, Faiyaz, mo mọ̀ pé ohun tó ń dúró dè nìyẹn, nítorí bẹ́ẹ̀ la ti ń bú ara wa láti kékeré. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àwọn irinṣẹ́ mi jọ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Nígbà tó ṣe, ó dí iwájú ẹ́ńjìnnì náà padà, ó dè é le, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ká àkísà náà, ó gbé e létí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ òótọ́. Gbogbo wọn ti lọ. Mo ní kí n kúkú fi mítà kan gbogbo wáyà náà, kí n lè fi gbogbo ẹnu sọ pé tèmi dára. Mo dé orí ti kíránkì. Wáyà méjèèjì ti gba ọ̀nà ara wọn. Èyí tó yẹ kó wà lápá ọ̀tún ló wà lósì. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bó bá sáré, tí ẹrù sì wúwo, iná á máa dé lódì. Mo jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà.

Mo gé rọ́bà rẹ̀, mo pààrọ̀ wọn, mo tún un dì. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí òkè tó lọ sí Koronubu, mo tẹná mọ́ ọn. Ó gun òkè náà bí ewúrẹ́.

Ó yẹ kí n ti pe Ilaitia lọ́jọ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tó dé òkè. Mo ń sọ fún ara mi pé màá pè é bí mo bá jẹun tán. Apenisa ló kọ́kọ́ dé. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún, inú rẹ̀ dùn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí pé, “Ṣé bẹ́líìtì náà lóòótọ́ ni?” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí ni mo kàn mì, bí ẹni pé irọ́ tí èèyàn bá fi orí pa kì í ṣe irọ́.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ilaitia. Wọ́n gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Wọ́n ní kó sinmi díẹ̀ ná lórí ìwàásù. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú ìsọ̀ mi, torí kò sí ohun tí wọn kì í sọ nínú ìsọ̀ mi. Wọ́n ní bó bá ń kọjá létí ọ̀nà, àwọn kan á gbé àtàǹpàkò sẹ́nu bí ẹni ń mu nínú ìgò. Ẹnì kan bi í pé ṣé bíà ló dà sí ẹ́ńjìnnì dípò ọ́ìlì. Wọ́n ní kì í fèsì. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ń lọ, tó sì ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á wò mí, èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Losalini ló kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn. Ó fi ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ wá, apá rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dè é nílé ìwòsàn. Ó gbé ẹ̀gẹ́ wá fún mi, àti adìyẹ kan tó so lẹ́sẹ̀, ó ní àwọn obìnrin abúlé ló fi ránṣẹ́, pé àwọn ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Mo béèrè apá rẹ̀. Ó ní ó ń san. Ó wá ní kí n má bínú sí Ilaitia jù, pé ó wá bá òun nílé, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lórí apá òun. Ó ní kò dárúkọ ọtí, kò dárúkọ ẹ́ńjìnnì, ó kàn ń sọ pé ọwọ́ òun ni sítíárì wà.

Nígbà tó lọ tán, mi ò lè fọwọ́ kan adìyẹ náà. Saroja bi mí ohun tó ṣe mí. Ó ti ń bi mí láti ọjọ́ mélòó kan, mo ti ń sọ pé ẹ̀yìn ló ń ro mí. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ fún un, látorí wáyà funfun tó tán títí dé orí tí mo mì fún Apenisa. O mọ Saroja, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Táyà tí Ilaitia máa ń jókòó lé ló kàn ń wò. Ó ní, “Èmi ni mo po gbogbo tíì yẹn, Permal.”

Ó wọ bàtà, ó mú àpò, ó lọ sọ́jà. Nígbà tó dé, ìdì gbòǹgbò yangona ńlá kan ló gbé ka orí tábìlì, èyí tó dára gan-an, tí wọ́n fi ìwé wé, tí wọ́n fi okùn di ìdí rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe mọ àwọn ará òkè, wọn kì í fi ọwọ́ òfìfo bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n jẹun, kí n wẹ̀, kí n wọ aṣọ tó mọ́, kí n máa lọ. Mo ní ṣé kò ní bá mi lọ ni. Ó ní òun ò so wáyà kankan.

Mo wọ inú ọkọ̀ tí mo tún ṣe yẹn gan-an lọ sókè. Apenisa rò pé àlejò ayọ̀ ni mo jẹ́, àfi ìgbà tó rí ìdì tó wà lọ́wọ́ mi. Ó pe àwọn àgbà jọ sí gbọ̀ngàn, ó ránṣẹ́ pe Ilaitia àti ìyàwó rẹ̀, Vasiti. Losalini náà wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní. Ilaitia jókòó sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ máa ń jókòó sí. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Mo gbé ìdì náà sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lójú ọ̀nà fò lọ. Mo ní, “Èmi ni mo so wáyà lódì. Èmi ni mo ṣẹ́ Losalini lápá. Ilaitia kò mutí, mo sì mọ̀ pé kò mutí nígbà tí mo sọ ọ́.”

Vasiti fi etí aṣọ rẹ̀ bo ojú. Apenisa bi Ilaitia pé kí ni yóò wí. Ilaitia ní òun ti mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ náà padà dé ni òun ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Iwájú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní mo tún ṣe ṣì wà bí òun ṣe dè é, kò sẹ́ni tó fi sípánà kàn án. Àmọ́ ẹnì kan ti gé rọ́bà wáyà kíránkì, ó sì ti fi tuntun bò ó.

Inú bí Apenisa. Ó ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ilaitia ní, “Ta ni ẹ̀yin ì bá gbà gbọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀tá mi ló sọ ọ́, èmi ì bá jà. Permal ló sọ ọ́. Gbogbo yín mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ni.”

Faiyaz, mo ti gbọ́ èébú nínú ayé mi. Wọ́n ti nà mí rí. Kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Mi ò lè gbé orí sókè, ẹní ni mo ń wò.

Àgbà kan fọwọ́ kan ìdì yangona náà, ó gbà á lórúkọ Ilaitia àti ìdílé rẹ̀, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ kíkún tí wọ́n máa ń pa. Ní ti àṣà, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n gún un, wọ́n fi omi pò ó ní mímu tí kì í ṣe ọtí, igbá yí ká. Nígbà tó kàn mí, Ilaitia ló gbé igbá náà wá fún mi fúnra rẹ̀. Apenisa fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ jáde, ó fún un. Losalini ní ọ̀rọ̀ apá òun ti tán, ṣùgbọ́n òun máa gba adìyẹ àwọn padà, ìyẹn sì mú kí àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi Ilaitia bóyá ohun kan tún wà tó fẹ́.

Ó ní ó wà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò dúró ní Korovatu. Inú ọkọ̀ ló wọ̀, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń dúró títí dé ọjà Ba. Ó ní, “Ìwọ lo gbé e síta. Wá bá mi gbé e padà.”

Mo sùn sílé Apenisa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilaitia níwájú, àwọn obìnrin ọjà wà lẹ́yìn. Níbikíbi tó bá dúró gbé èrò, á pa ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè gbọ́ mi dáadáa, á wo iwájú. Èmi á sọ̀ kalẹ̀, màá kí wọn, màá sọ ọ́. Níbi afárá, ojú àwọn èèyàn wà lára mi bí ìgbà tí oòrùn bá mú. Lẹ́bàá iléèwé, obìnrin kan kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá àgbẹ̀ ìrèké kan, ọmọ Íńdíà bíi tiwa, ní òun ti sọ ọ́ fún àwọn àna òun ní Tavua, ṣé èmi ni màá san owó bọ́ọ̀sì tí òun máa fi lọ sọ pé irọ́ ni. Mo rò pé yóò máa rọrùn sí i bí a ṣe ń lọ. Kò rọrùn. Ní gbogbo ibi tí mo ti sọ ọ́, àfi bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ọjọ́ ọjà ni, iwájú ọjà kún. Awakọ̀ takisí tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ṣé kí n wá gbé ẹ̀rín mi mì padà ni, Gounder?” Ó kọjú sí Ilaitia, ó ní kó má bínú. Ilaitia ní kò sí nǹkan kan. Ó bá àwọn obìnrin sọ ẹrù wọn kalẹ̀ tán, ó wá dúró tì mí, ó bi mí bóyá ẹnì kan ṣì kù tí mo sọ ọ́ fún.

Mo ní, “Faiyaz.”

Ó ní kí n má pè ọ́ lórí fóònù, pé lórí fóònù màá fi ẹ̀rín sí i. Ó ní kí n kọ ọ́.

Ìdí lẹ́tà yìí nìyí. O rántí ìgbà tí mo pè ọ́, tí mo ní ọ̀rẹ́ wa ti padà sínú ìgò, tí mo ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe ń ní “àmì bá àmì mu, tavale.” O rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà o ní àánú rẹ̀ ṣe ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ yẹn, mo ti rí wáyà náà. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀.

Ilaitia ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Kò tíì yà ní ìsọ̀ mi, mi ò sì lè ní kó yà. Bó bá rí mi, ó ń kí mi dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Gounder ló ń pè mí.

Bí o bá ti sọ ohun tí mo wí fún ẹnikẹ́ni lára àwọn ará ilé níbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, sọ èyí náà fún wọn, kí o sì dárúkọ mi. Ka lẹ́tà yìí fún Shabnam. Ka á fún màmá pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi. Saroja ní kí n sọ fún ọ pé òun ń kí gbogbo yín, pé òun ka gbogbo ohun tí mo kọ kí n tó dì í.

Èmi náà ni, ẹni tí o mọ̀, pẹ̀lú èyí tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀,

Permal Gounder